Bí A Ṣe Ń Wọn Ọmọ Nínú Oyún: Ìtàn Láti Ọwọ́ Agbẹ̀bí Títí dé Ọwọ́ Kọ̀ǹpútà

 Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé yìí, mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí ni ìtàn bí àwọn baba wa ṣe bá ọkọ̀ ojú irin dé Kàdúná. Ìtàn yẹn dára, ṣùgbọ́n a ti kọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tí mo mú wá lọ́dún yìí kò tíì sí nínú ìwé wa rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé kan láàrin wa tí kò kàn. Ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ láti wọn ọmọ tí a kò tíì bí ni.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní ẹ̀ka àkọsílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bójú tó ètò ìlera. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. N kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo mọ̀ dáadáa ni ìwé: bí nọ́ńbà kan ṣe ń wọ inú fáìlì, bí ó ṣe ń di òtítọ́ nígbà tó bá ti wọ ibẹ̀, àti ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá bi í léèrè pé, "Níbo ni ìwọ ti wá?"

Ní ọdún 1986, ìyàwó mi lóyún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣì ń fún àkọ́bí wa lọ́mú nígbà tí oyún náà dé, nǹkan oṣù rẹ̀ kò sì tíì padà. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí a lè tọ́ka sí pé ibí yìí ni oyún ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn tí a ń lọ, wọ́n bi í léèrè ọjọ́ tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní òun kò mọ̀. Wọ́n ní kó ṣáà fojú bù ú. Ó fojú bù ú, wọ́n sì kọ ọ́ sí káàdì. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tí a fojú bù di ohun tó dájú, nítorí pé ó ti wà lórí ìwé.

Nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó wà lórí káàdì kọjá ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní oyún ti pẹ́ jù. Wọ́n fa omi sí i lára láti mú kó rọbí. Ọmọkùnrin ni. Ó kéré, ara rẹ̀ pọ́n, kò sì lè mí bó ṣe yẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Dókítà àgbà kan tó yẹ̀ ẹ́ wò pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ọmọ yìí kò pẹ́ jù rárá. Ó ṣì ku bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó yẹ kó lò sí i nínú ìyá rẹ̀.

N kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí káàdì sọ ni àwọn tó tọ́jú wa ṣe. Ohun tó ṣe wá ni pé ẹnikẹ́ni kò wọn ọmọ náà kó tó wáyé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣa ìtàn yìí jọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa èso àgbálùmọ̀ lábẹ́ igi.

KÍ Ẹ̀RỌ TÓ DÉ

Kí òyìnbó tó dé, àwọn ìyá wa ní òṣùwọ̀n tiwọn. Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka oyún. Ìyá agbẹ̀bí á gbé ọwọ́ lé ikùn, á sì mọ ibi tí orí ilé ọmọ dé. Bí ó bá dé ìdodo, ó mọ̀ pé oyún ti dé ìdajì ọ̀nà. Bí ó bá gun òkè dé abẹ́ egungun àyà, ó mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ kò ní pẹ́. Ọwọ́ yẹn kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Títí di òní, àwọn nọ́ọ̀sì ṣì ń fi téèpù wọn ibẹ̀ kan náà, nítorí pé láti bí ogún ọ̀sẹ̀ lọ, iye sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n bá rí máa ń sún mọ́ iye ọ̀sẹ̀ tí oyún náà ti lò.

Àwọn òyìnbó náà fojú bù ú. Dókítà ará Jámánì kan, Franz Naegele, tó kọ́ni ní Heidelberg ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ìlànà tí wọ́n ń lò ń jẹ́ orúkọ rẹ̀: mú ọjọ́ àkọ́kọ́ tí obìnrin rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn, fi ọjọ́ 7 kún un, ka oṣù mẹ́ta padà sẹ́yìn, ibẹ̀ ni ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 280. Ìlànà náà rọrùn, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó gbójú lé: pé obìnrin rántí ọjọ́ náà, àti pé nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá ní ọjọ́ 28 síra wọn. Abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú kò sí nínú ìṣirò náà. Ìyàwó mi kò sí nínú rẹ̀.

Nígbà tí X-ray dé, àwọn dókítà fi ń wo egungun ọmọ nínú oyún. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1956 àti 1958, Dókítà Alice Stewart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn pé àwọn ọmọ tí a ya ìyá wọn ní X-ray nígbà oyún ń kó àrùn jẹjẹrẹ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ayé tó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ó di dandan kí wọ́n wá ojú mìíràn tí wọn ó fi wo inú.

GBOHÙNGBOHÙN

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ òkè, a ó pariwo orúkọ ara wa, òkè á sì dá a padà fún wa. Bí òkè bá sún mọ́ wa, ohùn á tètè padà; bí ó bá jìnnà, á pẹ́ díẹ̀. Ọmọ tó bá ní òye lè ti ipa gbohùngbohùn mọ bí òkè ṣe jìnnà tó láìgbé ẹsẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ síkáànù ń ṣe nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn tí ó ń lò ga ju ohun tí etí wa lè gbọ́. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ohùn tó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti síkáànù aboyún ń gbọ̀n ní ìgbà bíi mílíọ̀nù méjì sí mílíọ̀nù márùn-ún. Ohùn náà ń rìn nínú ẹran ara ní ìwọ̀n bíi mítà 1,540 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá kan egungun, púpọ̀ nínú rẹ̀ á padà. Bí ó bá kan omi, á kọjá lọ. Ẹ̀rọ á ka àkókò tí ohùn fi lọ tó sì fi bọ̀, á sọ ọ́ di ìwọ̀n jíjìnnà, á sì fi àmì ìmọ́lẹ̀ sí ibẹ̀ lójú gíláàsì.

Ní ọdún 1880 ni Pierre àti Jacques Curie, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará Faransé, ṣàwárí pé àwọn òkúta kan wà tí a bá tẹ̀ wọ́n, iná mànàmáná á jáde lára wọn. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé bí a bá fi iná sí irú òkúta bẹ́ẹ̀, á gbọ̀n, á sì mú ohùn jáde. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, Paul Langevin lo ọgbọ́n yìí láti máa wá ọkọ̀ ogun tó ń rìn lábẹ́ omi. Lẹ́yìn ogun, àwọn iléeṣẹ́ irin gbà á, wọ́n ń fi wá ibi tí irin ti sán nínú láìfọ́ ọ.

Ilé irin yìí ni ìtàn wa ti yà wọ ilé ìwòsàn. Ian Donald, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìgbẹ̀bí ní Yunifásítì Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, ní ọdún 1954, ti bá àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì mọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń fi gbohùngbohùn wá nǹkan. Ní oṣù keje ọdún 1955, ó kó kókó àti ìjù tí wọ́n gé jáde lára àwọn aláìsàn lọ sí iléeṣẹ́ Babcock & Wilcox ní Renfrew, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìkòkò irin ńlá tí ń se omi. Wọ́n fi ẹran màlúù ṣe èyí tí wọn ó fi wọn wọ́n wò. Ẹ̀rọ tó ń yẹ irin wò náà mọ ìyàtọ̀: kókó tó kún fún omi kò dún bí èyí tó jẹ́ ẹran gidi.

Ọ̀dọ́mọdé ẹnjiníà kan, Tom Brown, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Kelvin & Hughes, gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì wá bá Donald. Òun ló kọ́ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán gidi. Pẹ̀lú Dókítà John MacVicar, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, The Lancet, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1958. Ọ̀kan lára ohun tó mú kí àwọn tó ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ti gbà pé jẹjẹrẹ inú ni yóò pa á. Ẹ̀rọ ní àpò omi ńlá ni. Wọ́n là á, wọ́n yọ àpò náà, obìnrin náà sì yè.

ORÍ, ARA, IKÙN, ITAN

Láti ibi wíwo ni wọ́n ti bọ́ sí wíwọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ní Glasgow kan náà, James Willocks pẹ̀lú Donald bẹ̀rẹ̀ sí í wọn fífẹ̀ orí ọmọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Ní ọdún 1968, Stuart Campbell gbé ọ̀nà tó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde: kọ́kọ́ wá àwòrán tó fi hàn pé orí ni o ń wò tààrà, kó o tó wọ̀n ọ́n. Ní ọdún 1973, Hugh Robinson, ní Glasgow náà, fi hàn pé bí a bá wọn ọmọ láti àtàrí dé ìdí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, a ó mọ ọjọ́ orí oyún débi pé àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà ju bí ọjọ́ márùn-ún lọ. Ní ọdún 1975, Campbell àti Wilkin wọn àyíká ikùn ọmọ láti fi mọ bí ó ti wúwo tó. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1980, Frank Hadlock àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas, ti pa òṣùwọ̀n mẹ́rin pọ̀ sínú ìṣirò kan: fífẹ̀ orí, àyíká orí, àyíká ikùn àti gígùn egungun itan. Ìṣirò Hadlock yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ń lò títí di òní.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi wíwọ̀n ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣi ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé a gbin àgbàdo ọgọ́rùn-ún ní ọjọ́ kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo wọn dọ́gba. Ẹni tó bá rí wọn á mọ ọjọ́ tí a gbìn wọ́n. Lẹ́yìn oṣù méjì, èyí tó bọ́ sí ilẹ̀ ọlọ́ràá ti ga ju èyí tó wà lórí àpáta lọ. Ẹni tó bá dé nígbà yẹn, tó rí èyí tó kúrú, tó ní, "Lánàá ni wọ́n gbin èyí," ti ṣì í. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbìn ín. Oúnjẹ ni kò tó o. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oyún rí. Síkáànù àkọ́kọ́ ń sọ ọjọ́ tí a gbìn ín. Síkáànù ìkẹyìn ń sọ bí ilẹ̀ ti rí.

ÒṢÙWỌ̀N TA NI?

Ní iṣẹ́ àkọsílẹ̀, ìbéèrè kejì tí a máa ń bi nọ́ńbà ni pé, "Àwọn ta ni wọ́n kà?" Àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun tí jíjẹ mímu kò nira fún ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí Hadlock fi ọmọ wọn ṣe òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n náà sì rìn dé Kàdúná, dé Sókótó, dé Ìbàdàn, láìsí ẹni tó bi í bóyá ó mọ̀ wá.

Ìbéèrè yìí ló bí iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní INTERGROWTH-21st, tí Yunifásítì Oxford darí. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni wọ́n ti wọn àwọn ọmọ nínú oyún: Bùràsíìlì, Ṣáínà, Íńdíà, Ítálì, Kẹ́ńyà, Oman, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014 ni pé bí ìyá bá ní ìlera, tó ń jẹun dáadáa, tí ibi tó ń gbé sì dára, ọmọ inú rẹ̀ ń dàgbà bí ti àwọn yòókù, ibi yòówù kí ó ti wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe tirẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, Íjíbítì àti Kóńgò ti Kinshasa wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní ọdún 2017, wọ́n ní ìyàtọ̀ díẹ̀ wà láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí èyí. Nàìjíríà kò sí nínú méjèèjì. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kà nípa ìṣègùn, mo fi iṣẹ́ yẹn lé yín lọ́wọ́.

NÍGBÀ TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ GBA TÉÈPÙ

Wíwọn ọmọ pẹ̀lú síkáànù kò rọrùn bí a ti ń wò ó. Òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ wá ojú ibi tó tọ́, á dá àwòrán dúró, á wá gbé àmì agbélébùú kékeré sí etí ìhín àti etí ọ̀hún. Ọmọ ń yí, ìyá ń mí, èrò ń dúró níta. Bí ènìyàn méjì bá wọn orí kan náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rí nọ́ńbà kan náà. Ènìyàn kan náà pàápàá lè rí ohun méjì ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ ti ń gbìyànjú kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá etí orí ọmọ. Ọgbọ́n àkọ́kọ́ ni pé kó máa wá ibi tó funfun jù, nítorí pé egungun máa ń funfun nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n òjìji pọ̀ nínú àwòrán síkáànù, egungun mìíràn náà sì funfun. Kọ̀ǹpútà ń ṣìnà bí àlejò tí wọ́n ní kó wọ ilé tó ní ògiri funfun ní àdúgbò tí gbogbo ògiri ti funfun.

Ní ọdún 2008, Gustavo Carneiro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ìwádìí fún Siemens gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò sọ fún kọ̀ǹpútà bí orí ti rí. Ńṣe ni wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán tí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ti fa ìlà yí ká fún un, wọ́n ní kó fi kọ́gbọ́n. Bí a ti ń kọ́ ọmọdé láti mọ ewúro yàtọ̀ sí ewé mìíràn náà nìyẹn: a kì í ṣe àlàyé, a máa ń fi hàn án títí tí ojú rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2012, wọ́n ṣe ìdíje kan ní Barcelona láti mọ kọ̀ǹpútà tó lè wọn orí àti egungun itan dáadáa jù. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ilé ìwòsàn Yunifásítì Radboud ní Nijmegen, ilẹ̀ Netherlands, gbé àwòrán orí ọmọ 1,334 tí wọ́n yà lára aboyún 551 síta fún gbogbo ayé: 999 fún kíkọ́ kọ̀ǹpútà, 335 fún ìdánwò. Kọ̀ǹpútà á fa ìlà bí ẹyin adìẹ yí orí ọmọ ká, á sì ka àyíká rẹ̀.

Àwọn ará Nijmegen yìí kò dúró sí ilé. Wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Wolisso, ní Etiópíà. Ọgbọ́n tí wọ́n lò níbẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ má wulẹ̀ wá ojú kankan mọ́: kó kàn fi ọwọ́ ẹ̀rọ gbá orí ikùn lọ gbá a bọ̀, bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀, kí kọ̀ǹpútà wá ṣa àwòrán tó wúlò fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ Yunifásítì North Carolina àti àwọn ti Lùsákà, ní Sáńbíà, gbé èsì kan jáde láti ara aboyún 4,695. Kọ̀ǹpútà tó ń lo òye àtọwọ́dá fi irú gbígbá bẹ́ẹ̀ sọ ọjọ́ orí oyún. Àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 3.9 bí a bá pín in dọ́gba. Ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n jẹ́ 4.7. Ní ọdún 2024, wọ́n dán an wò lára 400 aboyún ní ìlú méjèèjì, Lùsákà àti Chapel Hill. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tí kò kọ́ iṣẹ́ síkáànù rí ni wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tí a ń dì mọ́wọ́ gbá ikùn. Láàrin ọ̀sẹ̀ 14 sí 27, àṣìṣe wọn jẹ́ ọjọ́ 3.2, ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń lo ẹ̀rọ ńlá jẹ́ 3.0. Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Mo ka èyí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo sì jókòó jẹ́ẹ́. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méje tàbí mẹ́jọ ni àṣìṣe tiwa.

FÁÌLÌ KÌ Í FỌWỌ́ SÍ ARA RẸ̀

Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé kò parí síbẹ̀ yẹn. Ní ọdún 2023, ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn lóyún. Nítorí ohun tó ṣe ìyá rẹ̀, mo ti ń pariwo sí i létí láti ilé ìwé pé bí ó bá ti lóyún, kó tètè lọ ya síkáànù. Ó lọ ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Wọ́n fún un ní ìwé, mo sì gba ìwé náà, mo fi í sí inú fáìlì mi. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, mo bá a lọ fún òmíràn. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ jẹ́ ọmọbìnrin ọmọlúàbí kan, ó sì gbà kí n jókòó. Ẹ̀rọ náà jẹ́ tuntun. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ìlà sì fara hàn yí orí ọmọ ká fúnra rẹ̀, nọ́ńbà sì jáde. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ó ti parí?" Ó mi orí. Ó ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ wò ó, ó ti ka awọ orí mọ́ egungun níbí. Etí egungun ló yẹ kó dúró sí." Ó fa ìlà náà wọlé díẹ̀, nọ́ńbà sì yí padà. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe é bó ṣe fẹ́?" Ó ní, "Ẹ̀rọ ló ń wọ̀n ọ́n, Bàbá, ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ìwé."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn ọmọ abẹ́ mi ní ọ́fíìsì: fáìlì kì í fọwọ́ sí ara rẹ̀.

Nígbà tó wọn ikùn ọmọ, ó ní ikùn náà jẹ́ ti oyún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹnì kan tó bá wa lọ sọ pé, "Ṣé ẹ rí i, wọ́n ka ọjọ́ yẹn ṣì tẹ́lẹ̀. Ẹ sún ọjọ́ ìkúnlẹ̀ síwájú." Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: síkáànù mẹ́ta, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ náà béèrè bóyá a ní ìwé síkáànù àkọ́kọ́. Mo ṣí fáìlì mi. Ó kà á, ó ní, "Ọjọ́ kò yẹ̀. Ọmọ ni kò dàgbà tó." Ó kọ lẹ́tà fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Dókítà ní oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ dáadáa láti ara olóbi. Wọ́n ń ṣọ́ ọ lójoojúmọ́, wọn kò sì jẹ́ kó pé ogójì ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì, wọ́n gbé e jáde. Kílò méjì àti díẹ̀ ló wọ̀n, ṣùgbọ́n ó ké. Bí ẹ bá rí ọmọ kékeré kan tó ń sáré kiri láàrin àga nínú gbọ̀ngàn lónìí, tí kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí alága ń sọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì wá. Òun ni.

Ní ọdún 1986, a gba ìwé gbọ́, ìwé náà kò sì tọ́, nítorí ojú ni a fi bù ú. Ní ọdún 2023, a gba ìwé gbọ́, ó sì gba ẹ̀mí là, nítorí pé wọ́n wọ̀n ọ́n ní àkókò tó yẹ, ẹnì kan sì dúró tì í. Kọ̀ǹpútà kò ní òun fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó lè ṣe ni pé kó mú òṣùwọ̀n tó dára dé abúlé tí kò ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá sì dé tán, iná gbọ́dọ̀ wà tí yóò gbé e, dókítà gbọ́dọ̀ wà tí yóò ka lẹ́tà, ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà tí aboyún yóò gbà dé ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà tó tọ́ nínú yàrá tí kò sí ẹnì kan kò lè gbẹ̀bí.

Ẹ̀yin ìdílé wa, nǹkan mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí aboyún tètè lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti ọdún 2016 pé kí gbogbo aboyún ya síkáànù kan, ó kéré tán, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Bí ó bá ṣeé ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó dára jù. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Èkejì, ẹ tọ́jú ìwé àkọ́kọ́ yẹn bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Bí síkáànù ìkẹyìn bá sọ ohun mìíràn, ẹ má ṣe fa ọjọ́ tó wà nínú èyí àkọ́kọ́ ya. Ẹ gbé ìwé méjèèjì lọ bá dókítà, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó ń ṣe ọmọ. Ẹ̀kẹta, ẹ má tijú láti béèrè orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i.

Àdúrà tí a máa ń gbà fún aboyún nílé wa ni pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. N kò ronú jinlẹ̀ lórí rẹ̀ rí títí di ọjọ́ tí mo jókòó sínú yàrá síkáànù yẹn, tí mo mọ̀ pé gbohùngbohùn ara ọmọ ni a ń wò lójú gíláàsì. Ó ti ń dá wa lóhùn kí a tó bí i. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a máa rí ẹni tí yóò fetí sí i.